Bí Mo Ṣe Fi Ilẹ̀ Ọ̀dọ̀fin Ta Adébísí Lọ́rẹ

"Èwo nínú yín ló fi ilẹ̀ bàbá mi ta Adébísí lọ́rẹ?"

Ohùn màmá náà ti wọ ọ́fíìsì kí a tó rí ojú rẹ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la wà ní Old Garage, Òṣogbo, àtẹ̀gùn ibẹ̀ sì dúró ṣánṣán débi pé àwọn tí kò tíì pé ogójì ọdún ń sinmi lójú ọ̀nà. Màmá yìí á ti tó ẹni àádọ́rin ọdún, kò sì sinmi. Ó jókòó sórí àga tí à ń kó ìwé lé, ó tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé, ó wá ń wo èmi àti ọ̀gá mi bí tíṣà tó ń wá ẹni tó sọ̀rọ̀ ní kíláàsì.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú àárọ̀ mà. Ilẹ̀ wo ni mà?"

"Ilẹ̀ ilé ìwòsàn ìlú wa. Bàbá mi ló fi sílẹ̀, gbogbo ìlú ló mọ̀. Àná ni ọmọ ọmọ mi ń ka ìwé ìpàdé ìlú fún mi lórí fóònù, ló bá ní Adébísí ló dìde, tó ní òun fi ilẹ̀ bàbá òun sílẹ̀. Adébísí! Ilẹ̀ wo ni bàbá Adébísí ní, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n sin ín sí?"

Ó mí kanlẹ̀. "Sátidé yìí ni wọ́n máa kọ pátákó ilé ìwòsàn náà. Orúkọ ẹni tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ ló máa wà lókè pátápátá, inú ìwé tó wà lọ́wọ́ yín ni wọ́n sì ti máa wò ó. Tí wọ́n bá kọ Adébísí síbẹ̀, ẹ ti pa bàbá mi lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn."

Ọ̀gá mi wò mí. Èmi wo ilẹ̀. Èmi ni mo ṣe é, iyán ló sì fà á.

Ọmọ Iléṣà ni mí, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì láti ilé. Ọkọ ló gbé mi dé Ìdó-Ọ̀ṣun, iṣẹ́ ló sì ń gbé mi wọ Òṣogbo lójoojúmọ́. Iṣẹ́ wa kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹgbẹ́ ìlú, ìjọ àti mọ́ṣáláṣí á kó ìwé àtijọ́ wọn wá, ìwé tí kòkòrò ti ń jẹ létí, a ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, a ó sì gbé e sórí ìkànnì tí àwọn ọmọ wọn tó wà lókè òkun á ti lè kà á. Ọ̀gá Múfú ló kọ́ mi níṣẹ́ náà. Ọmọ Òṣogbo pọ́ńbélé ni, ìdílé aláró, Mùsùlùmí tí kì í pa ìrun jẹ, tí kì í sì í pa ẹ̀fẹ̀ jẹ pẹ̀lú. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò pe orúkọ mi ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ. "Ìjẹ̀ṣà" ló ń pè mí.

"Ìjẹ̀ṣà, ẹ̀yin tí ẹ kì í ronú àfi tí iyán bá ti wọnú."

"Ọ̀gá, àwa ń dúró de iyán ká tó ronú. Ẹ̀yin ará Òṣogbo, kí lẹ̀ ń dúró dè ní tiyín?"

Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Tí inú bá wá bí mi gan-an, tí ilé di "ulé" lẹ́nu mi, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ẹ̀fẹ̀, á sì sáré lọ ra ẹ̀pà wá fún mi.

Irinṣẹ́ kan wà tí àwa oníkọ̀ǹpútà ń lò, Git ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó máa rántí. Tí mo bá tún nǹkan ṣe nínú fáìlì, tí mo sì tẹ òǹtẹ̀ lù ú, bí fáìlì náà ṣe rí lọ́jọ́ yẹn kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Bí mo bá bà á jẹ́ lọ́la, mo lè ní kó dá ti àná padà fún mi, á sì dá a padà láìbínú. Ṣùgbọ́n èyí tí mi ò bá tẹ òǹtẹ̀ lù, kò mọ̀ ọ́n rí. Bí mo sunkún ẹ̀jẹ̀ níwájú rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n rí náà ni.

Tí ọ̀rọ̀ kan bá wà nínú igba fáìlì, tí a fẹ́ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, a kì í ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. A ó kọ àṣẹ díẹ̀ jọ fún kọ̀ǹpútà, èyí là ń pè ní sikíríìpù, pé kó wọ inú gbogbo fáìlì, níbi tó bá ti rí tibí, kó fi tọ̀hún sí i. Ká tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Bó ṣe ń tètè ṣe rere náà ló ń tètè ṣe ìkà.

Ọ̀gá Múfú kò fi tirẹ̀ pa mọ́ fún mi. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n ní kó yí nọ́ńbà fóònù mọ́ṣáláṣí kan padà nínú gbogbo ìwé wọn. Ó kọ sikíríìpù, ó tú u sílẹ̀ bí ewúrẹ́ tí wọn ò so. Kò rántí pé inú fóldà kan náà ni Git ń kó ìrántí rẹ̀ sí, nínú yàrá kan tí ojú kì í sábà rí. Sikíríìpù wọ yàrá yẹn, ó ń tún ìrántí fúnra rẹ̀ ṣe. Ìgbà tí ọ̀gá mi padà lọ bi Git bí nǹkan ṣe rí tẹ́lẹ̀, Git ní òun ò mọ̀ ọ́n rí, òun ò mọ ẹnikẹ́ni mọ́.

"Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi tún gbogbo ẹ̀ tẹ̀," ló máa ń wí. "Ìyàwó mi rò pé mo ti fẹ́ òmíràn."

Láti ìgbà náà ló ti ní òfin, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí kì í kà á sí mi létí. Kí n tó tú sikíríìpù sílẹ̀, kí n tẹ òǹtẹ̀ lu ohun gbogbo tó wà nílẹ̀. Kí n jẹ́ kó kọ́kọ́ ka orúkọ fáìlì tó máa wọ̀ fún mi. Kí n jẹ́ kó fi ohun tó fẹ́ ṣe hàn mí, láì tíì ṣe é. Kí n wá fi ojú ara mi wo ibi tó yí padà, ti tẹ́lẹ̀ ní pupa, tuntun ní àwọ̀ ewé. Èmi á ní "Ẹ ṣeun sà," bí ọmọ tí wọ́n ń sọ fún pé kó fọwọ́ kó tó jẹun.

Ìlú màmá náà kò tóbi, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló wà, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀ nítorí mo ṣì fẹ́ máa gba ibẹ̀ kọjá. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wọn ló gbé iṣẹ́ fún wa: ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ńlá méjì, ó lé ní ogún ọdún ìpàdé. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló kọ gbogbo rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adébísí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, akọ̀wé ẹgbẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ń ti kọ̀ǹpútà. Ìpàdé kọ̀ọ̀kan di fáìlì kan, mo fi ọjọ́ ìpàdé ṣe orúkọ fáìlì. Mo tẹ ìwé kìíní tán, mo tẹ òǹtẹ̀ lù ú. Mo bẹ̀rẹ̀ ìkejì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é, mo parí rẹ̀, mo dá ìwé padà fún wọn. Ti òǹtẹ̀, mo ní màá tẹ̀ ẹ́ lọ́la. Ọ̀la yẹn kò dé.

Oṣù méjì kí wọ́n tó kó ìwé náà wá fún wa ni wọ́n fi Ọ̀gbẹ́ni Adébísí joyè Ọ̀dọ̀fin. Oyè náà ti ṣófo fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ikú Ọ̀dọ̀fin tó wà níbẹ̀, bàbá màmá yìí, ìdílé mìíràn ló sì kàn. Lọ́dọ̀ wa, ẹ mọ̀ pé wọn kì í pe olóyè lórúkọ. Bí ewé oyè bá ti kan orí èèyàn, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ níjọ́ kẹjọ ti di nǹkan tí ìyàwó rẹ̀ pàápàá gbọ́dọ̀ gbàgbé.

Olóyè tuntun náà pè mí ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.

"Ọmọ mi, orúkọ yẹn, bá mi kó o kúrò níbẹ̀."

"Níbo sà?"

"Níbi gbogbo. Ìwọ náà wò ó, odidi olóyè, kí àwọn ọmọ tó wà lókè òkun máa kà pé Adébísí dìde, Adébísí jókòó, bí ẹni ń rán ọmọdé níṣẹ́. Fi Ọ̀dọ̀fin sí i."

"Kò le rárá sà," ni mo wí. Lóòótọ́, kò le.

Ọ̀gá Múfú ti lọ kírun Jímọ̀. Àǹtí mi ní Iléṣà ti pè pé òun ń gúnyán, pé kí n má jẹ́ kó tutù. Mo wo aago. Mo kọ sikíríìpù ìlà kan: níbi tó o bá ti rí Adébísí, fi Ọ̀dọ̀fin sí i. Mi ò ní kó fi nǹkan kan hàn mí. Mi ò tẹ òǹtẹ̀ kankan. Mo tú u sílẹ̀, ó sì parí kí n tó gbé báàgì mi.

Mo ṣí fáìlì kan wò. Ohun tí mo kà nìyí: "Ọ̀dọ̀fin ka ìwé ìpàdé tó kọjá. Ọ̀dọ̀fin dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀dọ̀fin, ó ní Ọ̀dọ̀fin kà á dáadáa, kí Ọ̀dọ̀fin lọ jókòó."

Mo pariwo, "Yéè!"

Ọ̀dọ̀fin tó ti kú náà ń wá sípàdé ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kì í sì í jókòó láìsọ̀rọ̀. Akọ̀wé tó ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kò jẹ́ pe olóyè lórúkọ, nítorí náà "Ọ̀dọ̀fin" nìkan ló ń kọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ti wá da àwọn méjèèjì pọ̀, bí ẹni da omi òjò lu omi kànga nínú ìkòkò kan.

Ibi tó yẹ kí n ti jókòó, kí n fọwọ́ lérán, kí n dúró de ọ̀gá mi ni mo ti lo làákàyè. Ẹ dákun, ẹ má lo làákàyè nígbà tí iyán bá ń tutù. Mo ní, ṣebí Adébísí ni mo sọ di Ọ̀dọ̀fin, màá sọ Ọ̀dọ̀fin di Adébísí padà, gbogbo rẹ̀ á sì rí bó ṣe rí. Mo tún tú sikíríìpù sílẹ̀. Mo ṣí fáìlì kan ṣoṣo wò, fáìlì ìpàdé tí Ọ̀dọ̀fin olóògbé kò wá. Ó mọ́ rekete. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo sáré wọ mọ́tò Iléṣà.

Bẹ́ẹ̀, sikíríìpù kò mọ Ọ̀dọ̀fin tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ di Ọ̀dọ̀fin. Ó sọ gbogbo wọn di Adébísí. Olóògbé náà pòórá kúrò nínú ogún ọdún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ìkànnì wa sì rèé, ohun tó bá wà nínú fóldà náà nírọ̀lẹ́ ló máa ń gbé jáde fún aráyé. Iyán yẹn dùn, mi ò ní purọ́.

Gbogbo èyí ni mo jẹ́wọ́ lórí ìkúnlẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, níwájú màmá. Mi ò yọ iyán kúrò.

"Sùbúhánàllàhì," ni Ọ̀gá Múfú wí. Kò rẹ́rìn-ín. "Ìgbà wo lo tẹ òǹtẹ̀ kẹ́yìn?"

Mo ń ká etí ìró mi.

"Mo ní ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn sà. Nígbà tí mo parí ìwé kìíní."

Ó fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó ní kí Git dá ìwé kìíní padà, ó sì dá a padà pátá, Ọ̀dọ̀fin jókòó sáyè rẹ̀, Adébísí jókòó sáyè tirẹ̀. Màmá na ọrùn.

"Ṣé ó ti padà?"

"Ó kù díẹ̀ mà."

"Èwo ló kù?"

Ọ̀gá mi fi mí sílẹ̀ kí n dáhùn. "Ìwé kejì ni mà. Ibẹ̀ ni ti ilẹ̀ wà."

"Níbo ni ìwé kejì fúnra rẹ̀ wà?"

"A ti dá a padà fún akọ̀wé mà. Ó wà lọ́wọ́... ó wà lọ́wọ́ Ọ̀dọ̀fin tuntun."

Màmá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò kan ojú. "Ẹ ò rí i? Ó rán yín ni. Oyè kúrò nílé wa lọ sílé wọn, mi ò bá a jà. Ó wá fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe jàrá. Ẹ̀yin ti bá a pa á rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, ojú ìwé kan ṣoṣo ló kù tó máa fà ya." Ó dìde. "Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ. Mò ń bá yín lọ."

Mọ́tò Ọ̀gá Múfú la bá lọ. Lójú ọ̀nà Iléṣà ni màmá sọ ọ́, tó kọjú sí fèrèsé, bí ẹni tí kò bá wa sọ ọ́.

"Bàbá mi kò ya fọ́tò rí. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n gbé ojú òun sínú àpò. Ilé rẹ̀ ti wó. Èmi nìkan ni mo kù. Tí mo bá gba iwájú ilé ìwòsàn yẹn kọjá, tí mo gbọ́ ọmọ tuntun tó ń ké, mo máa ń sọ ọ́ sínú pé, Bàbá, ẹ kú iṣẹ́."

Mo sunkún lẹ́yìn mọ́tò níbẹ̀. Ojú tì mí. Odidi èèyàn ni mo pa rẹ́ nítorí oúnjẹ ọ̀sán. Ọ̀gá mi na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fún mi ní áńkáṣíìfù rẹ̀, kò sì pè mí ní Ìjẹ̀ṣà títí a fi débẹ̀.

Olóyè wà ní pálọ̀, ó wọ agbádá funfun, ìlẹ̀kẹ̀ oyè tuntun lọ́rùn, ó sì ń fọwọ́ kàn án bí ẹni tí ìlẹ̀kẹ̀ kò tíì mọ́ lára. Èmi kúnlẹ̀, ọ̀gá mi dọ̀bálẹ̀. Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Adébísí!"

Ìyàwó olóyè tó ń gbé omi bọ̀ dúró sójú kan. Ẹni tí ewé oyè kò tíì gbẹ lórí rẹ̀, wọ́n pè é lórúkọ lójú àlejò.

Olóyè rọra gbé ojú sókè. "Màmá, ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Ilẹ̀ bàbá mi dà?"

Mo bá sáré gbà á sọ, mo ro ẹjọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ojú olóyè ń yí padà. Nígbà tí mo dé ibi tí Adébísí ti fi ilẹ̀ sílẹ̀, ó fò dìde.

"Èmi? Kí èmi jí ilẹ̀ Ọ̀dọ̀fin, ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dìde sọ̀rọ̀ láàárín ìlú?" Ó wọ yàrá lọ, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

A dúró. Ó pẹ́. A ń gbọ́ tó ń ṣí àpótí, tó ń pa á dé.

"Ó ń fà á ya," ni màmá wí.

Ilẹ̀kùn ṣí. Olóyè jáde tòun ti ìwé lábẹ́ abíyá. "Awò mi ni mò ń wá," ló wí. Orí fìlà rẹ̀ ni awò náà wà. Kò sẹ́ni tó láyà láti rẹ́rìn-ín, àfi ìyàwó rẹ̀.

Ó jókòó, ó ṣí ìwé, ó ń fi ìka tọ ìlà. Ó wá kà á pẹ̀lú ohùn tíṣà.

"Ọ̀dọ̀fin dìde. Ó ní ilé ìwòsàn kì í dúró lórí afẹ́fẹ́. Ó ní òun fi ilẹ̀ bàbá òun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò sílẹ̀ fún ìlú títí láé, òun ò gba nǹkan kan. Ó ní ọmọbìnrin òun gbọ́ sí i, ó sì fọwọ́ sí i. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ọ̀dọ̀fin ní kí Adébísí kọ ọ́ kó hàn ketekete, kí ẹnikẹ́ni má bàa jiyàn lọ́jọ́ iwájú."

Màmá ti jókòó, mi ò mọ ìgbà tó jókòó.

"Ẹ tún un kà."

Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó bọ́ awò rẹ̀, ó ń nù ún.

"Iṣẹ́ tí mo rán ọ yẹn, ọmọ mi, iṣẹ́ tó dáa kọ́. Ẹni tó ní kí n kọ ọ́, Ọ̀dọ̀fin ni. Ẹni tó kọ ọ́, Adébísí ni. Mi ò lè jókòó sórí àga méjèèjì. Dá orúkọ mi padà síbi tó wà. Láti ọjọ́ tí mo joyè nìkan ni kó o ti máa pè mí ní Ọ̀dọ̀fin."

Ọjọ́ ìpàdé ni orúkọ fáìlì, ó rọrùn láti mọ èyí tó bọ́ sí ẹ̀yìn ìwúyè. Mo ní kí kọ̀ǹpútà kà wọ́n fún mi.

"Mélòó ni?" ni Ọ̀gá Múfú bi mí.

"Méjì sà."

"Méjì. Ò bá ti fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kí iyán ó sì máa gbóná." Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti dárí jì mí.

Ìwé kejì ló wá kù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ Adébísí. Dípò kí n tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo kọ sikíríìpù mìíràn níbẹ̀, ọ̀gá mi ń wo ìka mi. Mo kọ́kọ́ tẹ òǹtẹ̀ lu ìbàjẹ́ náà bó ṣe wà, pé bí mo bá tún bà á jẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí n ní ibi tí màá padà sí. Mo ní kó má fọwọ́ kan fáìlì mìíràn àyàfi ti ìwé kejì. Mo sì ní kó má dá nǹkan kan ṣe: níwájú Adébísí kọ̀ọ̀kan, kó dúró, kó bi mí, ṣé kí òun yí i padà ni, àbí kí òun fi í sílẹ̀?

Olóyè gbé ìwé lé orúnkún, màmá fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí wákàtí kan tó pé, màmá ti di ọ̀gá gbogbo wa.

"Dúró. Ta ló sọ ìyẹn?"

"Ọ̀dọ̀fin ni mà."

"Yí i padà. Èyí ńkọ́?"

"Akọ̀wé ni mà."

"Fi í sílẹ̀ fún un."

A dé ibì kan tó ní: "Adébísí pẹ́ dé, ó tọrọ àforíjì." Olóyè sún ojú mọ́ ìwé, ó wúkọ́.

"Ọ̀dọ̀fin ni yẹn. Bàbá yín fẹ́ràn kó máa pẹ́."

"Bàbá mi? Tó máa ń débẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn?" Màmá fi ìka kan ìwé náà. "Ẹ kà á dáadáa, Ọ̀dọ̀fin."

Gbogbo wa gbọ́ ohun tó pè é. Òun náà gbọ́ ọ. Ó gbé awò sójú, ó tún un kà.

"Èmi ni," ló wí. "Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

Ọjọ́ kejì la parí, nítorí olóyè kò yéé tẹnu bọ ìtàn. Ibi gbogbo tó yí padà, mo fi hàn wọ́n, pupa àti àwọ̀ ewé, ọ̀gá mi sì wò ó lẹ́yìn wa. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti tú sikíríìpù sílẹ̀ láìfi ojú ara mi wo ohun tó fẹ́ ṣe. Àwọn tí mò ń kọ́ níṣẹ́ báyìí ń sọ lẹ́yìn mi pé mo le. Wọn ò tíì kúnlẹ̀ níwájú màmá yẹn ni.

Ohun kan ló kù. Mo ṣí fáìlì ilẹ̀ náà sílẹ̀ kí n tó tẹ òǹtẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí láti sọ ọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ kọ pátákó, tó kà pé Ọ̀dọ̀fin ló fi ilẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀yin ló máa rò pé ó jẹ́. Gbogbo ẹni tó bá kọjá níwájú pátákó ló máa rò ó bẹ́ẹ̀. Ó yẹ ká fi orúkọ wọn sí i."

Olóyè mi orí. Ó ṣí ìwé láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Orúkọ náà kò sí níbì kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìwé, kò kọ ọ́ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀," ló wí. "Ẹnu mi kò gba orúkọ rẹ̀ rí, kò sì lè gbà á lónìí. Màmá, ẹ̀yin lọmọ rẹ̀."

"Kí n pe bàbá mi lórúkọ?" Màmá fa sẹ́yìn. "Èmi? Èmi tí mi ò pè é rí, nígbà tó wà láàyè, nígbà tó kú?"

Ọ̀gá Múfú ló wá rọra wí pé, "Màmá, ẹni tí a kò bá kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, kọ̀ǹpútà yìí kò mọ̀ pé ó wá sáyé."

Màmá di apá àga mú, ó sọ ara rẹ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ tòun ti àádọ́rin ọdún rẹ̀ níwájú ìwé tó ṣí sílẹ̀ náà.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi," ló wí. "Ajíbádé. Ajíbádé lorúkọ wọn."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n kà á kí òun gbọ́.

"Ọ̀dọ̀fin Ajíbádé dìde," ni mo kà. Kí n tó dé ìdí gbólóhùn náà, Ọ̀dọ̀fin tuntun ti dìde lórí àga rẹ̀, ó ti ṣí fìlà.